Àpá Ara Ọ̀bẹ: Ìtàn Irin àti Fáìlì láti Taruga dé Gwarinpa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ yin onísùúrù ni a sábà máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í dúró wò. Ohun tí alágbẹ̀dẹ ń fà yọ kì í ṣe ọkọ́, àdá tàbí ọ̀bẹ nìkan. Ó ń fa ìdọ̀tí yọ kúrò lára irin pẹ̀lú. Láti ọjọ́ tí òkúta irin bá ti wọ iléru títí di ọjọ́ tí ọ̀bẹ bá ń kọ mànà lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á, iṣẹ́ kan náà ni a ń ṣe lọ́nà oríṣiríṣi: a ń ya ohun tí kò wúlò kúrò lára ohun tí ó wúlò.

Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn gbé kalẹ̀ nínú àròkọ yìí ni pé àpá tí ń wà lára ọ̀bẹ nígbà tí a bá ń fi fáìlì fá a kì í ṣe ẹ̀bi ọwọ́ líle nìkan. Èérún irin tí a ti fá kúrò tán, ṣùgbọ́n tí a kò kó dànù, ni ó sábà máa ń padà wá dá ọgbẹ́ sí ọ̀bẹ lára. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn irin yóò mọ ìdí rẹ̀, ẹni tí ó bá sì mọ ìdí rẹ̀ yóò mọ bí a ṣe ń dènà rẹ̀.

Irin ní agbègbè Gwarinpa

Gwarinpa, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lónìí gẹ́gẹ́ bí àdúgbò ńlá ní Abuja, jẹ́ ilẹ̀ àwọn Gbagyi. Gwari ni àwọn Haúsá ń pè wọ́n, ìró orúkọ náà kò sì tí ì kúrò nínú orúkọ Gwarinpa. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ń mọ ìkòkò, alágbẹ̀dẹ sì wà láàárín wọn. Òfin kẹfà ọdún 1976, tí ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed ṣe ní oṣù Kejì ọdún náà, ni ó sọ agbègbè yìí di ilẹ̀ olú-ìlú Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, ọdún 1991, ni ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó lọ sí Abuja. Ní àwọn ọdún 1990 kan náà ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń kọ́ ilé gbígbé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé rẹpẹtẹ sí Gwarinpa, títí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò ilé ìjọba tí ó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Yorùbá, Ìgbò, Haúsá, Tiv àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀ báyìí.

Ẹni tí ó bá rí àwọn ilé wọ̀nyí lè rò pé ìlú àná ni ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Abuja ni ibì kan tí a ń pè ní Taruga wà. Bernard Fagg, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe ìwádìí pàtàkì lórí àwọn ère amọ̀ Nok, walẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Iléru mẹ́tàlá ni wọ́n rí níbẹ̀, pẹ̀lú ìdàrọ́ àti àwọn ère amọ̀ irú ti Nok. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe àyẹ̀wò èédú tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ náà, wọ́n rí i pé láàárín ọ̀rúndún karùn-ún sí ìkẹta ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ti ń dáná sun irin níbẹ̀. Èyí ju ẹgbàá ọdún ó lé igba lọ. Àwọn ará Taruga ti ń ya irin kúrò lára òkúta kí orúkọ ẹ̀yà èyíkéyìí tí a ń jẹ́ lónìí tó di mímọ̀. Ní ọdún 2005 ni àwọn onímọ̀ láti Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì tún bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ ní àwọn ibòmíràn tí àwọn ará Nok gbé, wọ́n sì rí iléru mìíràn kún un.

Ó yẹ kí á mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú irú iléru bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa wà. Irin kì í yọ́ títí iná rẹ̀ yóò fi gbóná dé ìwọ̀n 1,538 lórí òṣùwọ̀n Celsius, iléru amọ̀ tí a ń fi ewìrì fẹ́ kì í sì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá tó nǹkan bí 1,200, àwọn ohun àìwúlò tí ó wà nínú òkúta náà á yọ́, á sì ṣàn bí oyin. Ìyẹn ni ìdàrọ́. Irin fúnra rẹ̀ á kù sílẹ̀ ní ìṣù tí ihò wà lára rẹ̀ bí ilé ikán, ìdàrọ́ díẹ̀ á sì fara pamọ́ sínú àwọn ihò náà. Òun ni alágbẹ̀dẹ fi ní láti máa sun irin yìí nínú iná léraléra, kí ó sì máa lù ú lójú kan náà, títí ìdàrọ́ ibẹ̀ yóò fi fọ́n jáde. Bí ó bá kánjú, tí ìdàrọ́ ṣẹ́kù sínú irin, ìlà dúdú ni yóò yọ lára ọ̀bẹ nígbà tí a bá fá a, kò sì sí fáìlì tí ó lè mú irú ìlà bẹ́ẹ̀ kúrò pátápátá.

Alágbẹ̀dẹ Yorùbá àti ojú ọ̀bẹ

Nílẹ̀ Yorùbá náà, a kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí. Èdè wa fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Ìdàrọ́, iléru, ewìrì, ẹmú, owú àti ọmọ owú kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1904 ni a tẹ ìròyìn kan jáde tí C. V. Bellamy kọ nípa iléru tí ó rí ní Ola Igbi, abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn ènìyàn ṣì ti ń sun irin láti inú òkúta. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1921, sọ pé kí òwò àwọn Òyìnbó tó dé, ilé ni a ti ń rọ gbogbo ohun èlò onírin, láti orí ohun ìjà dé orí abẹ́rẹ́. Ó tún ṣàkíyèsí pé ọjà Òyìnbó, pàápàá jù lọ ọ̀bẹ, ti ń lé ti ilé kúrò lọ́jà nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pẹ́ tó ti ilé. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá a ní Gwarinpa.

Kí fáìlì tó wọ́pọ̀, òkúta ni a fi ń pọ́n ọ̀bẹ. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n pọ́n kì í pọ́n ọn ní gbígbẹ. Omi ni yóò máa ta sí i. Ọ̀pọ̀ rò pé nítorí kí ọ̀bẹ má baà gbóná nìkan ni a fi ń ta omi. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kejì tí omi náà ń ṣe kò kéré: òun ni ó ń gbá èérún irin àti lẹ́búlẹ́bú òkúta lọ kí wọ́n má baà há sáàárín òkúta àti ọ̀bẹ. Ewé ìpín tí àwọn agbẹ́gilére fi ń mú ara igi dán náà jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn baba wa mọ̀ pé ohun tí ó rí ṣákiṣàki ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó kúnná ni a sì fi ń parí.

Èyí kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà lásán. Ẹ ro ti olóòlà wò, ẹni tí ó fi abẹ kọ ilà sí ojú ọmọ tàbí tí ó dá abẹ́ fún un. Bí ojú abẹ rẹ̀ bá rí gbágungbàgun, yíya ni yóò ya ẹran ara ọmọ, kò ní gé e. Lára ọ̀bẹ ìdáná pẹ̀lú, inú àpá ni omi àti iyọ̀ máa ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ ni ìpẹtà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó tilẹ̀ burú jù ni pé bí àpá jíjìn bá dábùú ara ọ̀bẹ nígbà tí a bá fẹ́ ki irin gbígbóná bọ omi tàbí òróró kí ó lè le, ojú àpá náà ni ọ̀bẹ sábà máa ń gbà sán.

Bí fáìlì ṣe dé

Fáìlì kì í ṣe ohun èlò àná ní ayé. Ní ọ̀rúndún kejìlá, àlùfáà kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Theophilus kọ ìwé nípa iṣẹ́ ọnà ní ilẹ̀ Jámánì, ó sì ṣàlàyé nínú rẹ̀ bí a ṣe ń rọ fáìlì àti bí a ṣe ń mú un le. Ní nǹkan bí ọdún 1678, Joseph Moxon, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àlàyé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ sínú ìwé rẹ̀. Oríṣi fáìlì mẹ́rin ni ó tò, láti orí èyí tí eyín rẹ̀ le jù dé orí èyí tí eyín rẹ̀ kúnná jù. Kókó ohun tí ó sọ ni pé fáìlì àkọ́kọ́ ń mú gbágungbàgun tí òòlù fi sílẹ̀ kúrò. Èkejì ń mú àpá fáìlì àkọ́kọ́ kúrò. Ẹ̀kẹta ń mú àpá èkejì kúrò. Ẹ̀kẹrin sì ń mú ti ẹ̀kẹta kúrò. Èyí fi hàn pé fáìlì tí kì í dá àpá kò sí. Iṣẹ́ ẹni tí ń fi fáìlì fá ọ̀bẹ ni láti rí i pé àpá tuntun kéré ju ti àtijọ́ lọ.

Ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gé eyín fáìlì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orí òjé ni òṣìṣẹ́ máa ń gbé fáìlì lé kí ó tó máa fi òòlù àti irin gé eyín sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, májèlé òjé yìí sì ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́ṣẹ́. Ní ọdún 1864 ni William Nicholson dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Providence ní Amẹ́ríkà láti máa fi ẹ̀rọ gé eyín fáìlì. Nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà, fáìlì pọ̀, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di ohun èlò tí alágbẹ̀dẹ àti mẹkáníìkì wa kò lè ṣe aláìní. Bí eyín fáìlì bá tilẹ̀ kú, alágbẹ̀dẹ kì í sọ ọ́ nù, nítorí irin rẹ̀ le, ó ṣe é rọ ọ̀bẹ.

Ohun tí ń dá àpá, àti bí a ṣe ń dènà rẹ̀

Bí a bá wo ojú fáìlì dáadáa, a óò rí i pé eyín tò lé e lórí bí ebè oko, àlàfo kékeré sì wà láàárín eyín kan àti èkejì. Nígbà tí a bá ti fáìlì síwájú, eyín á fá irin, èérún irin náà á sì bọ́ sínú àlàfo. Bí àlàfo bá kún, èérún á há síbẹ̀, yóò di ṣóńṣó tí ó yọ ga ju eyín lọ. Nígbà tí a bá tún ti fáìlì náà, ṣóńṣó yìí ni yóò máa kọ ilà jíjìn sí ọ̀bẹ lára. Bí ẹni tí ń fá ọ̀bẹ bá rí àpá yìí, ó lè rò pé òun kò tẹ fáìlì dáadáa, kí ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Títẹ̀ yẹn ni yóò mú kí àpá náà jìn sí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn ọ̀nà tí a lè fi dènà rẹ̀ kò ṣòro, owó wọn kò sì pọ̀. Èkíní, kí irin ọ̀bẹ rọ̀ kí á tó fá a. Bí ó bá ti le tẹ́lẹ̀, fáìlì yóò kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni. A óò sun ún nínú iná títí yóò fi pọ́n, a óò sì rì í sínú eérú kí ó tutù díẹ̀díẹ̀. Èkejì, kí á má fi ọ̀bẹ sẹ́nu fáìsì ní ìhòòhò, nítorí eyín fáìsì náà ń dá àpá. Kí á fi pákó tàbí awọ há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ̀kẹta, síwájú nìkan ni eyín fáìlì ń fá. Nígbà tí a bá ń fà á padà, kí á gbé e sókè díẹ̀ kúrò lára irin.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Lẹ́yìn ìwọ̀nba fífá díẹ̀, kí á fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà gbá ojú fáìlì, kí á gbá a tẹ̀lé bí eyín ṣe tò. Èérún tí ó bá kọ̀ tí kò jáde, kí á fi bàbà pẹlẹbẹ tì í jáde, nítorí bàbà rọ̀ ju eyín fáìlì lọ, kò ní bà á jẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí á fi ẹfun ìkọ̀wé pa ojú fáìlì náà títí yóò fi funfun. Ẹfun yóò kún àlàfo eyín tó bẹ́ẹ̀ tí èérún irin kò ní rí ibi há sí, yóò sì fa òróró tí ó bá wà níbẹ̀ mu. Ẹfun yìí kan náà ni olùkọ́ fi ń kọ̀wé sójú pátákó.

Ẹ̀karùn-ún, nígbà tí ó bá kù díẹ̀, kí á di fáìlì kíkúnná mú lórí méjèèjì, kí á fi dábùú ọ̀bẹ, kí á sì máa tì í kí á máa fà á láti ìdí ọ̀bẹ dé ẹnu rẹ̀, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ rárá. Gbogbo àpá yóò wá kọjú sí ọ̀nà kan náà, wọn yóò sì fẹ́lẹ́. Ẹ̀kẹfà, bí a bá fẹ́ fi sáńpépà parí rẹ̀, kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó le, kí á sì máa yí ọ̀nà tí a ń gbà fá a padà ní gbogbo ìgbà tí a bá mú èyí tí ó kúnná sí i. Bí a ti fá ti àkọ́kọ́ ní òòró, kí á fá èkejì ní ìbú. Báyìí ni àpá àtijọ́ tí ó ṣẹ́kù yóò ṣe hàn kedere, a kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí yóò fi pòórá. Láàárín sáńpépà kan sí èkejì, kí á fi aṣọ mímọ́ nu ọ̀bẹ. Hóró yanrìn kan ṣoṣo láti ara sáńpépà tí ó le tó láti ba iṣẹ́ wákàtí kan jẹ́.

Àwọn òǹkàwé yóò rí i pé nínú ọ̀nà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí, kíkó ìdọ̀tí kúrò ni ìpìlẹ̀ èyí tí ó ṣe pàtàkì jù. Ohun tí ará Taruga ń ṣe nígbà tí ó ń da ìdàrọ́ sílẹ̀, tí aṣọ́bẹ-pọ́n ń ṣe nígbà tí ó ń ta omi sí òkúta, ni ẹni tí ń fi ẹfun pa fáìlì ń ṣe.

Gwarinpa lónìí, àti iṣẹ́ tí ó kù fún wa

Ẹ wá jẹ́ kí á padà sí Gwarinpa. Ní ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú ńlá wa yòókù, ọ̀bẹ tí ó wà nílé ìdáná jẹ́ ọjà òkèèrè. Bí ó bá kújú, a ó sọ ọ́ nù ra òmíràn, tàbí kí á gbé e fún ẹni tí ń fi ẹ̀rọ pọ́n ọ̀bẹ. Ẹ̀rọ tí ń yí bírí tí iná sì ń ta lára rẹ̀ yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ooru rẹ̀ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ọ̀bẹ fi yí padà di àwọ̀ aró, líle tí alágbẹ̀dẹ fi sínú irin náà ti lọ nìyẹn. Ọ̀bẹ náà yóò mú lónìí, yóò kú ní ọ̀tunla. Ohun tí Johnson rí ní ọdún 1897 ti wá dé ìlẹ̀kùn gbogbo wa: ohun tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ti lé ohun tí ó ń pẹ́ lọ, ìmọ̀ ọwọ́ tí ó wà nídìí rẹ̀ sì ń bá a lọ.

Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí àpẹẹrẹ mìíràn wà lẹ́bàá ibẹ̀. Ìlú tí a ń pè ní Suleja báyìí ni ó ń jẹ́ Abuja tẹ́lẹ̀, kí a tó fi orúkọ náà fún olú-ìlú. Ibẹ̀ ni Michael Cardew dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ sílẹ̀ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi tí ó ti mọ ìkòkò mímọ láti ilé, darapọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1954. Ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn owó ogún náírà títí di òní. Cardew kọ ìmọ̀ amọ̀ àti iná sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1969. Amọ̀kòkò Gbagyi rí ilé ẹ̀kọ́, ó sì rí ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ tí ń gbé nítòsí rẹ̀?

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ní ọdún 1982, wọ́n fi ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ kún ẹ̀kọ́ girama kékeré, wọ́n sì kó ẹ̀rọ olówó ńlá wá láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, inú àpótí ni ẹ̀rọ náà wà títí ó fi dípẹtà, nítorí kò sí iná mànàmáná tàbí olùkọ́ tí yóò lò ó. Fáìlì kan, búrọ́ọ̀ṣì kan àti ẹfun ìkọ̀wé kò nílò iná mànàmáná. Ọmọ tí ó bá fi wọ́n mú ara irin kan dán yóò kọ́ ìwọ̀n, sùúrù àti ìmọ́tótó ní ọjọ́ kan náà.

Iṣẹ́ wa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá sì dúró gedegbe. Kí á tọ àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ tí ó kù lọ, kí á kọ orúkọ irinṣẹ́ wọn sílẹ̀, kí á kọ bí wọ́n ṣe ń sun irin, bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìpele iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọ̀rọ̀ náà má baà di ohun àwátì. Àwọn baba wa ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ti ṣe tirẹ̀ láti ayé Taruga wá. Gbígbẹ́ èkù náà wá kù sí ọwọ́ olùkọ́.